Ohun tí wọ́n ń kọ sójú ìwé ọpẹ́

Ẹ wá sí àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò tí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH bá ń parí próójẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i lójú wọn. Oorun ti dá lójú wọn, fláàṣì ń jò fìrìfìrì lọ́rùn wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, súpáfáísọ̀ mi ń lọ sí Ìbàdàn láago méjì." Ọ̀dọ̀ àwa tí a ń tẹ̀wé, tí a ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí a ń ṣe báìńdìn ni gbogbo wàhálà náà ń já sí. Àńtí ni gbogbo wọn ń pè mí, àtèyí tí mo lè bí, àtèyí tó jẹ́ pé òun gan-an ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń tẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo máa ń kà fún ìgbádùn ara mi. Láti orí kìíní dé orí karùn-ún, ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi ti wà nílé. Àmọ́ tó bá ti kan "Acknowledgements", ìyẹn ojú ìwé ọpẹ́, mo máa ń sún àga mọ́ tábìlì. Ibẹ̀ lọmọ náà ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tó kù, ti ẹni tó jáde ṣáájú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ dáadáa, kí n má purọ́.

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti bá Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá. "My profound gratitude goes to Almighty God, the Alpha and the Omega." Lẹ́yìn Ọlọ́run ló kan súpáfáísọ̀, tí í ṣe "able and amiable", tó ran ọmọ náà lọ́wọ́ "despite his tight schedule". N ò tíì tẹ ti súpáfáísọ̀ kankan tí àyè gbà. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn òbí, tí ọmọ máa ń jẹ ní gbèsè, "I am indebted to my parents." Àwọn ọ̀rẹ́ ló máa ń kẹ́yìn, àwọn yẹn ni wọ́n máa ń "appreciate". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé wọ́n ti pín ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pín ẹran níbi ìnáwó, ti àgbà yàtọ̀, ti ọmọdé yàtọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ibi tí ẹran ti wá.

Èmi béèrè, nítorí ilé olùkọ́ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ní ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, irú èyí tó máa ń sọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá ní ìparí. Bí a bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní dá wa lóhùn tí a ò bá ka apá ìparí yẹn sókè. Nígbà yẹn, ìyà ni mo kà á sí. Ní báyìí, tí iná bá lọ tí mo sì ń dúró kí ẹni tó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ dé, ohun tí mo ń fi ń pa ìdúró nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìkọ tí mo ń rí jù. "Greatful" ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ. Ó yé mi, torí ọpẹ́ tó pọ̀ ni wọ́n fẹ́ dá, "great" sì tóbi. Àmọ́ "great" kò bá "grateful" tan rárá. Látinú "gratus" ti Látìn ló ti wá, ìyẹn ohun tó dùn mọ́ni nínú. Àwọn ará Róòmù tún ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí oore tí wọ́n ṣe fún un. Gẹ̀ẹ́sì náà fìgbà kan ní "grate" tó ń jẹ́ ohun tó wuni. Ìyẹn ti kú, inú "grateful" ló fẹ̀yìn tì sí. "Grater" tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ìdílé ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, kí ẹnì kan má lọ so wọ́n pọ̀.

Ìdílé "gratus" yìí pọ̀ lọ́mọ. "Gracias" ti àwọn ará Sípéènì àti "grazie" ti àwọn ará Ítálì, ọmọ ìyá ni wọ́n. "Congratulations" tí wọ́n ń kọ sára kéèkì wà níbẹ̀. "Agree" wà níbẹ̀. "Gratis", tó túmọ̀ sí ọ̀fẹ́, wà níbẹ̀, pẹ̀lú "grace", èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní oore-ọ̀fẹ́. Mo máa ń ṣàánú ara mi tí mo bá rántí iye ìgbà tí mo ti kọ ọ́ lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò wò ó pé oore àti ọ̀fẹ́ ló dúró síbẹ̀ gbangba.

"Gratuity" náà, ọmọ ilé yẹn ni. Èyí ló bí bàbá mi nínú jù. Wọ́n fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de gratuity. Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n gbé fáìlì lọ, wọ́n gbé e bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò orúkọ, wọ́n lọ, àwọn àgbà tó tó bàbá wọn náà wà lórí ìlà nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí sí pálọ̀, wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè yẹn, wọ́n ní kí n ka apá ìparí. Mo kà á: ẹ̀bùn, ohun tí a fúnni nítorí pé ó wuni. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ṣé o rí i? Orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fi rẹ́ wa jẹ. Owó iṣẹ́ mi ni wọ́n pè ní ẹ̀bùn. Ta ló wá lè bá ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn jà pé kò tètè dé?" Owó náà padà wọlé. Ó ti tó ìdajì ohun tí ìbá rà tẹ́lẹ̀.

Ti "indebted", Gẹ̀ẹ́sì ra "dette" lọ́wọ́ àwọn Faransé láìsí b kankan nínú rẹ̀. Àwọn akọ̀wé tó fẹ́ràn Látìn ju ẹnu ara wọn lọ ló wo "debitum", tí wọ́n sì ki b bọ àárín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu òyìnbó ò pe b yẹn rí. Àwọn ọmọ wa ń jìyà rẹ̀ títí dòní, "indepted" ni wọ́n ń kọ. "Obliged" kò jìnnà síbẹ̀, torí "ligare" ti Látìn ni kí a so nǹkan, kí a dì í. Ẹni tó bá ní òun "obliged", ohun tó ń sọ ni pé oore yín ti so òun mọ́lẹ̀. Èyí náà ni "obrigado" ti àwọn Potogí, èdè tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó gbé wálé. Ọkùnrin á ní "obrigado", obìnrin á ní "obrigada". Àwa náà sáà ń sọ pé a jẹ gbèsè ọpẹ́, n ò lè dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Ó kàn máa ń ṣe mí bákan ni tí ọmọ bá fi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ rán an níléèwé sí ipò olówó-èlé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù láti sọ ni "appreciate".

"Pretium" ni Látìn ń pe iye tí a dá lé ọjà. Kí èèyàn wo nǹkan, kó sọ iye tó tó, ìyẹn ni "appretiare". Ibẹ̀ ni "price" ti wá, ibẹ̀ ni "precious" ti wá, kódà "praise" tí a ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ilé ọjà ni. Ìdí nìyí tí àwọn oníbáǹkì àti àwọn onílẹ̀ fi ń lo ọ̀rọ̀ kan náà: ilẹ̀ tí o rà lọ́nà Ìlọrin ń appreciate, náírà ń depreciate. Òyìnbó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lọ sínú ọkàn, tó fi jẹ́ pé lónìí, tó bá ní òun "appreciate" rẹ, o lè má rí kọ́bọ̀ gbà. Ó ti mọyì rẹ, ó parí.

Àwa wá gbé e padà sọ́jà! Ẹ lọ síbi ìnáwó èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Alága ìjókòó á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká appreciate àwọn onílù wa." Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ lásán níbẹ̀, kò gbédè ni. Ọwọ́ lápò ni. Gángan á yí sọ́dọ̀ rẹ, á pe bàbá rẹ, á pe bàbá bàbá rẹ, á dúró díẹ̀ kó wo ojú rẹ, ìwọ náà á sì mọ iye tí wọ́n ń sọ. Ní ọ́fíìsì, "appreciate" lè jẹ́ ohun tí a ò ní kọ sílẹ̀ níbí. Onímọ̀ èdè tó bá fẹ́ mọ ohun tí Látìn ní lọ́kàn, kó má jókòó sí yàrá ìkàwé, kó bá wa dé ibi ìkómọjáde kan.

Mo fẹ́ kánjú kọjá "mercy". "Merces" ti Látìn ni owó iṣẹ́. Àwọn Faransé sọ ọ́ di "merci", ọpẹ́ tí àwọn aládùúgbò wa ní Kùtọnu ń dá láràárọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di àánú. Láyé àtijọ́, àwọn náà ń fi "gramercy" dúpẹ́, ìyẹn "grand merci" tí ẹnu ti jẹ mọ́ra. N ò tíì rí ọmọ tó kọ ọ́ sínú próójẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kọ́ wọn.

Ó wá ku èyí tó kéré jù, tí àwọn ọmọ ò kà sí, "thank". Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kúkú kọ "I thank my mother", wọ́n á ní kò wúwo, pé Gẹ̀ẹ́sì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo àwọn tí mo ti ń kà bọ̀. "Grateful", "indebted", "obliged", "appreciate", àlejò láti Róòmù ni gbogbo wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "þanc" ni wọ́n ń kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà kan ní iwájú tí a kì í lò mọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni èrò. Ọmọ ìyá "think" ni. Àwọn ará Jámánì ò tíì jẹ́ kí àwọn méjèèjì jìnnà síra: "denken" ni kí èèyàn ronú, "danken" ni kó dúpẹ́. Èrò ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di èrò rere, kó tó wá di ọpẹ́ tí a fi ẹnu dá. "Thank you" gan-an, "I thank you" ni tẹ́lẹ̀, ẹnu ló gbé "I" mì.

Ìgbà tí mo kà á, ìyá bàbá mi ni mo rántí. Kùmásí ni wọ́n ti ṣòwò pẹ̀lú ọkọ wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n lè rù ni wọ́n rù wálé. Títí wọ́n fi dàgbà, bí wọ́n bá pàdé ẹlòmíràn tó ti Gánà dé lójú ọ̀nà Tákíè, "medaase" ti èdè Twi ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó ní "me da wo ase" ń sọ pé òun dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ ni. "Àwọn náà ń dọ̀bálẹ̀," wọ́n ní, "ẹnu ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ tiwọn."

Àmọ́ Yorùbá ni wọ́n fi ń dúpẹ́ ní òwúrọ̀. Bí ẹnì kan bá fún màmá àgbà ní nǹkan lálẹ́, ì báà ṣe ìgò èlùbọ́ kan, wọ́n á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ò sì tíì kà. Ní ìdájí, kí wọ́n tó fọ́nná, wọ́n á ró ìró mọ́ àyà, wọ́n á so gèlè péńpé, wọ́n á mú mi lọ́wọ́ lọ sí ilé onítọ̀hún. Wọn kì í kanlẹ̀kùn. Wọ́n á kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gbé ohùn sókè: "Ẹ ṣé tàná o! Ẹ kú oore àná. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oore ó nù lọ́wọ́ yín." Láti inú ilé lọ́hùn-ún, ẹni tó ṣì ń sùn á dáhùn pé "Kò tọ́pẹ́, Ìyá, kò tọ́pẹ́." A ó yí padà. Mo máa ń bínú nígbà náà pé ṣé wọn ò ti dúpẹ́ lánàá ni. Wọ́n ní ti àná, ẹnu ló dá a, ti òwúrọ̀ yìí ni ẹni náà á fi mọ̀ pé òun sùn tì í, òun jí tì í. Wọn ò ka ìwé kankan. Bí mo bá ka "þanc" fún wọn, wọ́n á ní kí ló tún wà níbẹ̀ tí a fi ń wá a nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àkọlé ojú ìwé náà, "acknowledge". "Know" ló dúró ṣánṣán sínú rẹ̀. Kí èèyàn jẹ́wọ́ pé òun mọ̀. Ìmoore tiwa ńkọ́? Mímọ oore ni. A kì í sọ pé ẹnì kan kò ní ọpẹ́ lẹ́nu kí ó tó di aláìmoore. Ó lè dúpẹ́ títí kí ilẹ̀ fi ṣú, bí kò bá ti mọ oore náà ní oore, aláìmoore ni. Ó ń wù mí láti bá T. J. Bowen sọ ọ́, òyìnbó Bátíìsì tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní 1855, tó ṣe gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1858 ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ọsibítù ńlá wa lónìí. Ẹ wo òyìnbó tó ń gbọ́ ẹ ṣé, ẹ ṣeun, a dúpẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú àná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kú iṣẹ́.

Ohun tí mo ń bá àwọn ọmọ fà nìyí. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn ọ̀rọ̀ ńlá yẹn, ibi tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń lò wọ́n dípò oore náà. "Profound gratitude" fún kí ni? Kí ni onítọ̀hún ṣe? "Ẹ ṣé" tiwa ò gbà kéèyàn gbàgbé, torí "ṣe" wà nínú rẹ̀: ẹ ṣe nǹkan. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, mo máa ń bi ọmọ náà pé, "Mọ́mì rẹ, kí ni wọ́n ṣe?" Púpọ̀ nínú wọn á wò mí bíi pé mo ń fàkókò wọn ṣòfò. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á wá sọ pé wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní kó wà níbẹ̀, kó jẹ́ "I thank my mother, who sold her sewing machine." Omijé ti já bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù mi rí o.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ gbé tiẹ̀ wá. Erùpẹ̀ ló yẹ̀ wò. Ó ti kọ "unquantifiable gratitude" fún gbogbo ayé. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó jókòó sórí ìjókòó onípáálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mìíràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó bá a ru àpò erùpẹ̀ láti oko láìfi owó kún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá alámàlà tó ń kọ gbèsè rẹ̀ sára ògiri tí kì í ka á sókè lójú èèyàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì fún un lọ́jọ́ tí iná lọ tí ohun tó ń wọ̀n kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀. "Thank" ló lò fún gbogbo wọn. Ó gbé e lọ fún súpáfáísọ̀. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìyá alámàlà, wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "Is this necessary?" Ó padà wá bá mi, ó ní òun ò yọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kò burú, wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo tẹ ẹ̀dà tó kẹ́yìn, mo bá a ṣe báìńdìn, páálí aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà oníwúrà lára. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù. "Àńtí, thank you, ma. God bless you, ma. I really appreciate." Ó ti gbé ẹrù rẹ̀, ó ti ń lọ sí géètì. Mo pè é padà, mo ní èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn, kó wá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi ìkómọjáde, owó báìńdìn rẹ̀ ṣì kù.